Ohun Tí Mo Rán Sínú Fìlà Ọmọ Àrìnpé

Mo ti dákẹ́ tó. Ká ní mo kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí nínú ni, ẹ̀bi mi ni abiyamọ kan ì bá máa rù kiri títí tí òun náà fi máa kú. Èmi Mánsúrù tó ń rán fìlà ní Mọ́kọ́lá ni mo ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní èèyàn dáadáa, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ irú ẹni tí mo jẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àrìnpé dìde nínú kíláàsì wa ní Àgbowó, tó nàka sí mi, tó ní, "Tíṣà, ẹ má jẹ́ kó jókòó tì mí mọ́ o. Iná ń rìn lórí ẹ̀!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà fà mí síta, ó mú abẹ, ó fá orí mi níwájú gbogbo ilé ìwé, àwọn ọmọ sì ń pariwo pé, "Oníná! Oníná!" Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Bàbá mi nà mí títí, mi ò lọ. Ìyá mi sunkún, mi ò lọ. Kí n má parọ́, iná, kòkòrò tó ń jẹni lórí, wà nínú irun mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú mi kì í bèèrè bóyá òótọ́ ni wọ́n fi dójú ti òun. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sínú, mo sì ń bọ́ ọ bí ẹni ń bọ́ ajá.

Iṣẹ́ fìlà ni mo wá kọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá irun dàda, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń rọ́ wá. Mo mọ ohun tí irun náà ń fẹ́. Mi ò jẹ́ fi aṣọ wúlù kan orí ẹnikẹ́ni, torí òwú rẹ̀ á máa já sínú dàda, kò sì ní í ṣeé yọ mọ́. Sátíìnì ni mo ń fi ṣe inú kí irun má baà gé, aṣọ òwú fẹ́lẹ́ ni mo ń fi ṣe òde kí atẹ́gùn lè wọlé, rọ́bà etí rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ fún. Bí wọ́n bá ń lọ, màá tún kígbe tẹ̀ lé wọn pé, "Irun tútù kì í wọ fìlà o! Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná!" Wọ́n á ní, "Bàbá Onífìlà, ẹ̀yin àti ìwàásù yín!" Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. "Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá. Ẹ bá mi wo orí ọmọ yìí. Dàda ni, bí a ṣe bí i nìyí. Ilé ìwé rẹ̀ ní kó máa bo irun náà, fìlà tí mo rà ní Dùgbẹ̀ sì ń já a nírun. Aṣọ wo ló dáa fún un?" Kí n tó dáhùn, fóònù rẹ̀ dún, ó gbé e sétí, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àrìnpé ni." Mo gbójú sókè. Èjí tó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà èwe ṣì wà níbẹ̀. Òun ò dá mi mọ̀, irùngbọ̀n ti bo ojú mi. Ọmọ náà, Ọmọ́fẹ́, bèèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé ẹ lè ṣe aláwọ̀ pupa fún mi, sà?" Mo ní màá ṣe é.

Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, mo ya fóòmù lára àga mọ́tò kan tó ti jẹrà, irú èyí tó ń di ìyẹ̀fun bí ọwọ́ bá kàn án. Mo tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ aṣọ pupa náà kí atẹ́gùn má baà wọlé, mo tẹ́ fóòmù lé ọ̀rá, mo fi sátíìnì bò ó, mo sì fi abẹ́rẹ́ lu sátíìnì náà kí ìyẹ̀fun lè máa dà sínú irun. Mo fa rọ́bà etí rẹ̀ le. Mi ò tíì rán fìlà tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí Àrìnpé wá gbà á, mo fi ẹnu ara mi sọ fún un pé, "Bí ẹ bá ti fọ irun rẹ̀, ẹ dé e lé e ní tútù. Kó máa fi sùn." Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èrò mi ni pé irun náà á bàjẹ́, wọ́n á fá a, Àrìnpé náà á wò ó. Òmùgọ̀ ni mí. Mo gbàgbé pé awọ orí wà lábẹ́ irun.

Nígbà tó yá, wọ́n padà wá, ìyá ọkọ Àrìnpé sì tẹ̀ lé wọn. Orí ọmọ náà ń rùn, eéwo ti sú sí i, kò lè gbé ọrùn rẹ̀ dúró. Àrìnpé ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, àbí fìlà yìí ni?" Ibi tí mo ti lè gba ọmọ náà là nìyẹn. Ká ní mo ní "bẹ́ẹ̀ ni", ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo yíjú sí ìyá àgbà náà, mo ní, "Màmá, orí dàda kì í ṣe orí tí gbogbo ọwọ́ ń kàn. Ṣé ẹlòmíràn ò bá a ṣe irun yìí?"

Màmá wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Àrìnpé, ta ló fọwọ́ kan orí Dàda?"

"Màmá, Fọláwùmí tó ń ṣe irun ní Bódìjà ló bá mi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré."

"Háà! Mo sọ fún ọ! Mo kìlọ̀ fún ọ títí, o ní ọ̀làjú ni. O ti ta orí ọmọ mi!"

Àrìnpé ń sunkún, ó ń wò mí bí ẹni pé kí n gba òun sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi fìlà náà sílẹ̀ kí n bá wọn fọ̀ ọ́. Bí wọ́n ti kẹ́yìn sí mi ni mo dáná sun ún.

Ní ọsibítù, wọ́n fá gbogbo irun náà. Díẹ̀ ló kù kí ibà pa ọmọ náà. Ibì kan wà ní àtàrí rẹ̀ tí irun ò ní í hù mọ́ láéláé. Àwọn ará ilé ọkọ gba ọmọ lọ́wọ́ Àrìnpé, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́, wọ́n lé e kúrò nílé wọn ní Baṣọ̀run. Mo gbọ́, mo jẹun, mo sùn.

Ní oṣù tó kọjá ni Àrìnpé wá bá mi. Ó ti gbẹ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mánsúrù." Ẹ̀rù bà mí; mo rò pé ó ti mọ̀. Ó ní, "Ẹnìkan tí a jọ lọ ilé ìwé ló sọ fún mi pé ìwọ ni Bàbá Onífìlà. Mo rántí ohun tí mo ṣe fún ọ. Wọ́n fá orí rẹ nítorí ẹnu mi, o ò sì kàwé mọ́. Ohun tó dé bá orí ọmọ mi nìyẹn, ẹ̀san ni. Jọ̀ọ́, dárí jì mí, bóyá wọ́n á jẹ́ kí n rí ọmọ mi." Ó sì kúnlẹ̀ sórí àkísà aṣọ tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Dìde. Mo ti dárí jì ọ́." Mo sọ ọ́ bí ọba. Ó dúpẹ́, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti di fìlà mú, màá tún gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó bínú, kí ẹ bínú, kó tán. Ẹ má fi pamọ́ dàgbà bí mo ti ṣe. Ọmọ tí kò mọ ohunkóhun ni yóò san án.

Lánàá, mo lọ mú Àrìnpé ní àdúgbò Challenge níbi tó forí pamọ́ sí, mo ní kó tẹ̀ lé mi lọ sí Baṣọ̀run. Kò mọ ìdí rẹ̀. Yọ̀mí ọkọ rẹ̀ wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Màmá ní, "Ta ló ní kí eléyìí wọlé mi?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì.

"Kí ló ń wí?" Màmá bèèrè. "Mi ò gbọ́."

Yọ̀mí ti gbọ́. Ó ní, "Dìde. Kọjú sí ìyàwó mi, kí o tún un sọ. Sọ ọ́ sókè, kí ọmọ mi gbọ́ ọ nínú yàrá."

Mo dìde. Mo wo Àrìnpé lójú.

"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ, Àrìnpé. Kì í ṣe ọwọ́ Fọláwùmí, kì í sì í ṣe ẹ̀san. Èmi ni mo rán fóòmù jíjẹrà àti ọ̀rá sínú fìlà ọmọ rẹ. Mo dá ọ mọ̀ lọ́jọ́ tí o wọlé, mo sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Èmi ni."