Ẹ̀bi Mi tí Nọ́ọ̀sì Florence Rù

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ lónìí, nítorí inú mi ò gbà á mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ tèmi ò tilẹ̀ tíì pé ọdún tó fi rẹ̀ ẹ́. Èmi Moyinolúwa ni mo ṣẹ̀, Florence Dáramọ́lá, ẹgbẹ́ mi nínú ìjọ, ni wọ́n fìyà jẹ.

Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìpè pàjáwìrì láti ilé ìwòsàn kékeré Ayégbajú, níbi tí Florence ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, lọ sí ti ńlá kan ní Ìdó. Bí èsì kò bá tètè dé, ètò náà á tún ìpè rán. Ìkọ̀lé níbí, tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti já geere, ni mo ti dán an wò, ni mo bá ní kó máa dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Mi ò dé Ayégbajú rí. Ọ̀lẹ ni mí! Lọ́hùn-ún, èsì ń lo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin lọ́nà, ètò mi á sì ti tún ìpè kan náà rán lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dé. Ojú ọ̀nà kún, ó dí pa.

Lọ́jọ́ tí aboyún kan ń ṣẹ̀jẹ̀, ìpè ò wọlé. Florence fi takisí gbé e dé Ìdó. Tìyátọmọ yè, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Dókítà Mákindé, ọ̀gá wa, bi mí ohun tó fà á. Mi ò yẹ ètò mi wò rárá, mo ní, "Sà, nọ́ọ̀sì ló ń tẹ bọ́tìnnì ìpè léraléra." Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé.

Florence mú ìwé kan wá bá mi. Ó ti ń kọ àkókò tó tẹ bọ́tìnnì àti àkókò tí èsì dé sínú rẹ̀ láti oṣù méjì. "Moyin, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ̀ ẹ́. Uṣẹ́ mi ni mo fẹ́ gbà padà." Ìwé yẹn ló là mí lójú. Mo jẹ́ kí ètò máa wọn bí èsì ṣe ń pẹ́ tó, kó máa dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì fi ìdúró náà ṣe ìlọ́po méjì bí èsì bá ṣì pẹ́. Ọ̀nà là.

Èyí tó burú jù rèé. Wọ́n pè mí síwájú ìjọ, wọ́n yìn mí pé mo tún ètò náà ṣe. Florence ń pàtẹ́wọ́ láàárín àwọn akọrin. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò dárúkọ rẹ̀.

Mi ò lè sùn bí ènìyàn mọ́. Mo gbé ìwé náà lọ bá Dókítà, mo jẹ́wọ́, wọ́n sì dá Florence padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Ó ní, "Dìde jàre. Ṣé ìpè ti ń wọlé?" Mo ní ó ń wọlé. Ó ní, "A dúpẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ irú ètò yìí, kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan ò mọ̀ ọ́n lò, ẹ lọ jókòó sí àyè rẹ̀ ná. Dókítà ò tíì sọ ohun tí wọn yóò fi mí ṣe. Ohunkóhun tó bá jẹ́, mo gbà. Florence, o ṣeun. Ìwọ gan-an ló tún ètò náà ṣe.