Igi Obì Ìyá Olóbì Tó Wà Nínú Fóònù Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi dópin kí ẹ tó bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò tilẹ̀ lè dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Ìpè kan tó wọlé sórí fóònù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Dàda Estate ní Òṣogbo ni mò ń gbé, àmọ́ abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà la ti wá, owó kòkó àti obì ni wọ́n fi tọ́ wa. Oko adìẹ kan ní Ìdó-Ọ̀ṣun ni mo ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Áàpù kan là ń lò níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá jẹ́ ti oko, ìbáà ṣe ẹ̀rọ, ìbáà ṣe ewúrẹ́, a máa kọ ibi tó wà sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá a á kàn tẹ fóònù ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbọ́, ó ní kí n fi oko bàbá wa náà sí i, torí nǹkan ń sọnù jù níbẹ̀. Lónìí wọn ò rí pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fín kòkó, lọ́la àkàbà ti lọ. Bàbá fúnra wọn ló mú mi yí oko ká. Nígbà tí a dé etí odò, wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí àwọn igi obì kan. Wọ́n ní, "Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe tèmi o. Ti àbúrò mi ni. Bàbá wa ló gbìn wọ́n fún un nígbà tó wà lọ́mọge."

Àbúrò bàbá mi yìí ni gbogbo wa ń pè ní Ìyá Olóbì. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹnì kan kí igi orí rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Áàpù yẹn ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí igi wà nìkan ló béèrè. Mo kọ "Oko Bàbá", ó gbà á. Àyè wà nísàlẹ̀ tí mo lè kọ àlàyé sí, àmọ́ òjò ti ṣú, mo ní tí mo bá délé màá kọ ọ́. Mi ò kọ ọ́. Títí dé ibẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, àìbìkítà lásán ni.

Ẹ̀ṣẹ̀ gan-an ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a sin bàbá. Lọ́jọ́ tí a jókòó láti pín oko, ẹ̀gbọ́n mi ṣí fóònù, ó ń ka ohun tó wà níbì kọ̀ọ̀kan. Ó dé etí odò, ó ka igi obì mọ́ ti bàbá. Ìyá Olóbì rọra sọ̀rọ̀. "Obì ubẹ̀ yẹn, tèmi ni, ọmọ mi." Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi. "Ìwọ lo kọ ọ́. Ṣé bàbá sọ fún ẹ pé tiwọn ni?"

Mo ti rí i pé apá etí odò ló máa kàn mí. Obì ibẹ̀ sì ń so dáadáa. Ojúkòkòrò ni, mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Mo ní, "Ohun tó wà nínú fóònù ni mo mọ̀."

Ìyá Olóbì ò bá wa jà. Ì bá sàn ká ní wọ́n jà. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wolẹ̀, wọ́n wá ní, "Ó lè jẹ́ pé mo gbàgbé ni." Ẹ̀gbọ́n mi fi pẹ̀lẹ́tù dá wọn lóhùn pé, "Màmá, ọjọ́ orí ni, ẹ má jẹ́ kó dùn yín." Gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá Olóbì náà gbà bẹ́ẹ̀.

Obìnrin tó mọ igi tó máa ń kọ́kọ́ so nínú gbogbo wọn wá di ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ ará ilé bóyá òun ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Wọ́n á pè mí láti abúlé pé kí n bá àwọn wá ìkòkò. Ara mi ò gbà á. Mo lọ bá wọn, mo kó ẹrù wọn náà sínú áàpù, àpótí aṣọ, ìkòkò, ewúrẹ́, gbogbo rẹ̀. Tí wọ́n bá pè, màá ní, "Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni àpótí yín wà, Màmá." Wọ́n á wá ṣàdúrà fún mi. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ogbó nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, etí odò ni wọ́n ti pè mí. Wọ́n lọ ṣẹ́gi ni. Wọ́n ní, "Abẹ́ igi obì kan ni mo wà yìí. Ó ń ṣe mí bíi pé mo mọ̀ ọ́n. Bá mi wo fóònù rẹ, ṣé mo ti dé ubẹ̀ rí?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Mo pa fóònù, mo sunkún.

Igi ò ṣòro láti dá padà. Mo lè tún un kọ lónìí, kí n sì bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Àmọ́ tí mo bá sọ fún Ìyá Olóbì pé orí wọn pé láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé èmi tí wọ́n fọkàn tán ni mo purọ́ mọ́ wọn. Ẹ̀rù ń bà mí pé àyà wọn ò ní gbà á. Ṣé kí n sọ ọ́, àbí kí n dá igi padà kí n panu mọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ẹ sì tètè gbà mí. Wọ́n ṣì ń dúró kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa, kí n lè sọ fún wọn bóyá wọ́n ti débẹ̀ rí.