Ẹ Kọ́kọ́ Kí Irin

Lásìkò ọyẹ́, nínú ọkọ̀ tó ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, mo jókòó sẹ́yìn ìyá àgbàlagbà kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó gbé iná tábìlì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lé ẹsẹ̀.

"Gbé e jìnnà sí mi," ni ìyá wí. "Ti àkọ́kọ́ tí o ṣe, ìka kan ṣoṣo ni mo fi kàn án tó fi kú."

"Mọ́mì, ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á. Súwẹ́tà yín ni. Nígbà ọyẹ́, iná mànàmáná máa ń kó jọ sí i lára. Bí ẹ bá wá fọwọ́ kan nǹkan, á ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èròjà inú iná tábìlì ò lè gbà á."

"Kí n wá bọ́ súwẹ́tà nítorí iná?"

"Ẹ máa wọ̀ ọ́. Ẹ wo irin etí iná tábìlì yìí. Bí a bá délé, màá fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀, kí iná ara súwẹ́tà lè gba ibẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ kí irin, kí ẹ tó fọwọ́ kan iná."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Kí n kí irin? Ṣé kí n kúnlẹ̀ náà ni?"

"Ìka yín ti tó."

Ìyá na ọrùn síwájú. "Dírẹ́bà, rọra o. Ọmọ mi ló ṣe iná tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yìí. Ó rí i pé ìka mi ò lágbára láti tẹ suwíìṣì mọ́, ló fi ṣe èyí tó máa ń tàn bí mo bá ṣáà ti fọwọ́ kàn án."

Nígbà tí mo délé, mo kọ́kọ́ kí irin ilẹ̀kùn. Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú, n kì í kí ohunkóhun bí mo bá ń wọlé.