Màmá Ò Sí Lórí Bẹ́ǹṣì Mọ́

[Fóònù ń dún.]

AKÍNBÍYÌ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sìsítà mi. Faransé ńkọ́? Gbogbo Ìkirè ń kí yín o.

KÒFOWÓRỌLÁ: Ó wà. Akín, ilé ńkọ́? Ìyàwó ẹ? Ṣé Màmá pè ẹ́?

AKÍNBÍYÌ: Màmá kẹ̀? Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n wà.

KÒFOWÓRỌLÁ: Ṣé wọ́n pè ẹ́ ni mo bi ẹ́.

AKÍNBÍYÌ: Wọn ò pè. Fóònù wo ni wọ́n fẹ́ fi— sìsítà, kí ló ṣẹlẹ̀?

KÒFOWÓRỌLÁ: A wà ní museum. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, mo ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sáré gòkè lọ wo àwọn ère. Just ten minutes. Mo sọ̀ kalẹ̀, súwẹ́tà wọn nìkan ni mo bá. Ṣé o gbọ́ mi?

[Láìnì ń já.]

AKÍNBÍYÌ: Mò ń gbọ́. Látìgbà wo?

KÒFOWÓRỌLÁ: Ó ti lé ní wákàtí kan. Mo ti sọ fún ọlọ́pàá. Òtútù ń mú, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà nínú báàgì mi. Mo ti sọ Màmá nù, Akín.

AKÍNBÍYÌ: Ṣé agogo lù?

KÒFOWÓRỌLÁ: Agogo wo?

AKÍNBÍYÌ: Ti ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ẹ wà lókè.

KÒFOWÓRỌLÁ: Ti kàtídírà lù. Àárọ̀ la ti lọ wo ibẹ̀. Kí ló kan—

AKÍNBÍYÌ: Ẹ máa sáré lọ. Ìdí agogo ni wọ́n wà.

KÒFOWÓRỌLÁ: [ó ń mí hẹlẹhẹlẹ] Mò ń lọ. Báwo lo ṣe mọ̀?

AKÍNBÍYÌ: Ó ti tó ọdún kan. Tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì wọn bá ti lù ní Àpòmù, wọ́n á lọ jókòó sídìí ẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ń dúró de Bàbá.

KÒFOWÓRỌLÁ: Bàbá tó ti kú láti ọdún mẹ́fà?

AKÍNBÍYÌ: Wọ́n rò pé Bàbá ṣì ni alágogo, pé tí Bàbá bá lù ú tán, àwọn á jọ rìn lọ sílé.

KÒFOWÓRỌLÁ: O ò sì sọ fún mi. O jẹ́ kí n gbé wọn wọ bàálù—

AKÍNBÍYÌ: Ẹ̀ bá ti fagi lé ìrìn àjò náà. Mo fẹ́ kí wọ́n rí Faransé kí wọ́n tó gbàgbé ohun gbogbo tán. Ẹ foríjì mí. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

KÒFOWÓRỌLÁ: Aago mẹ́fà ni wọ́n ń ti kàtídírà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. [Ilẹ̀kùn ń dún.] Excuse me, please, my mother— Akín, ibí tóbi. Apá ibo?

AKÍNBÍYÌ: Ẹ wo ẹ̀yìn. Ẹ wá ilẹ̀kùn kékeré tó lọ sókè ibi agogo.

KÒFOWÓRỌLÁ: Mi ò rí— Màmá. Màmá mi. Wọ́n wà níbí, Akín. Ilẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, ọwọ́ wọn ti tutù. Ẹ dìde, Màmá... Wọ́n ní àfi kí Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ibí sì fẹ́ tilẹ̀kùn. Ṣe bíi Bàbá fún wọn, jọ̀ọ́, mò ń gbé fóònù sí wọn létí.

AKÍNBÍYÌ: Mi ò lè—

MÀMÁ: Bàbá Kòfó?



AKÍNBÍYÌ: Èmi ni, Edith.

MÀMÁ: Ẹ pẹ́ lónìí. Òtútù ti mú mi.

AKÍNBÍYÌ: Máa bá Kòfó lọ. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn.

MÀMÁ: Ó dáa. Ẹ má pẹ́ o. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

AKÍNBÍYÌ: Mo gbọ́.

[Láìnì ń já.]

MÀMÁ: Bàbá Kòfó, ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ìpè já.]