Òdòdó Tí Verna Rí Nínú Odò Gbígbẹ

Ẹ jókòó tì mí, gbogbo ẹ̀yin tí a jọ ń wá òdòdó kiri aginjù Mojave. Verna, má dúró lẹ́nu ọ̀nà; tìẹ lọ̀rọ̀ yìí. Dókítà ní ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Ẹ rántí ọdún tí òjò rọ̀ dáadáa, tí Verna ní òun rí òdòdó funfun kan nínú odò gbígbẹ, tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Èmi lẹ máa ń bi léèrè orúkọ òdòdó nígbà náà. Mo ní, "Verna, èyí tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn." Ó ní, "Maxine, o ò tíì dùbúlẹ̀ wò ó. Àmì wà nínú rẹ̀." Ẹ mọ òfin wa: ẹni tí kò bá fi ikùn lélẹ̀, kó má dárúkọ òdòdó. Èmi tí mo ṣòfin, orí ìdúró ni mo ti dárúkọ ti Verna.

Ìlara ni, kò lórúkọ mìíràn. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń wá òdòdó tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí, ẹni tó dé lánàá wá rí i. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ, èmi nìkan, mo fa gbogbo wọn tu kí wọ́n tó so, mo jù wọ́n sínú iná tí mo fi ń se kọfí. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Òdòdó tó jẹ́ pé òjò kan ṣoṣo ló ń lò láyé, bí kò bá so, ó parí nìyẹn.

Nígbà tí Verna kó yín débẹ̀, yanrìn lásán lẹ bá. Bud ní, "Verna, ṣé oòrùn ò ti mú ẹ lórí báyìí?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, tèmi ló sì pọ̀ jù. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá wa rìn mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kendra, tó kéré jù nínú wa, gbé fọ́tò wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì yìí: "Mama, òdòdó funfun kan hù nínú odò gbígbẹ. Kò sí nínú ìwé kankan. A fẹ́ fi orúkọ yín pè é." Ojú mi ò rí fọ́tò mọ́, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n. Irúgbìn àtijọ́ ti sùn sínú yanrìn, ó ń dúró de òjò, èmi sì rò pé mo ti pa á run. Ojú tì mí, mo sunkún.

Kendra, orúkọ Verna ni kí ẹ fi pè é. Verna, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Kọ́kọ́ lọ dùbúlẹ̀ tì í ná. Bí o bá dé, jọ̀wọ́, wá sọ bí àmì inú rẹ̀ ṣe rí fún mi. Gbogbo wọn ni mo fà tu, mi ò wo inú ẹyọ kan.