Ọjọ́ Tí Mo Purọ́ fún Oníṣẹ́ AC

Ẹ yin Olúwa! Ẹ gbé e sókè sí i, torí ẹni tó dúró níwájú yín yìí, àánú ló gbé e dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n di ẹni tí wọ́n ń nàka sí ní Bódìjà. Ẹ̀rí mi kò dùn ún jẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti gbé e pamọ́ sínú, ìtìjú ò jẹ́ n lè sọ ọ́. Ẹ ní sùúrù fún mi.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bàbá ilé wa. Dókítà ní ooru ò gbọdọ̀ mú wọn, kí òógùn má baà máa rin ojú ọgbẹ́. Àfi bí AC yàrá wọn ṣe daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn, ṣùgbọ́n atẹ́gùn gbígbóná ni, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí ìkòkò. Mo bá pe Lùkúmọ́nù, oníṣẹ́ AC kan tó ń gbé ní Agbowó. Bàbá ọmọ méjì ni, Mùsùlùmí tó mọ̀wọ̀ àgbà.

Iná ìjọba ti lọ láti ìjẹta, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ la tàn fún un. Ó yọ fílítà, ó fọ̀ ọ́, AC ò tutù. Ó wọn gáàsì, gáàsì pé. Ó wá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gun àkàbà lọ sídìí ẹ̀rọ tó wà lára ògiri níta, ó tẹ́tí sí i. Ó ń kùn hùùù, kò yí. Ó ní kápásítọ̀, ohun tó ń ta ẹ̀rọ náà jí, ló ti wú, òun ni kò jẹ́ kó lè gbéra. Ó ní ká pa jẹnẹrétọ̀, kí n sì bá òun pa suwíìṣì AC nínú yàrá, torí ọwọ́ òun máa wọ àárín wáyà. Mo ní kò burú. Mo pa jẹnẹrétọ̀, mo sì yí ilé padà sí iná ìjọba, ká lè tètè mọ̀ bí wọ́n bá mú un dé. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ̀yin náà ń ṣe, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn.

Kí n tó dé yàrá, agogo méjìlá lù. Àdúrà ọ̀sán wa ti orí fóònù bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo sì ń darí. Mo bá jókòó sí ilé ìdáná. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbàgbé kókó àdúrà ọjọ́ náà. Èmi ò gbàgbé. Ikú òjijì ni. Mo ń lé ikú òjijì jáde kúrò nílé onílé.

Lùkúmọ́nù pariwo láti ìta: "Mọ́mì, ṣé ẹ ti pa suwíìṣì yẹn?"

Mo fọwọ́ bo fóònù. "Mo ti pa á o!"

Mi ò tilẹ̀ dìde. Mo ní lọ́kàn mi pé, iná wo ló wà tí wọ́n fẹ́ kí n pa? Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lẹ́nu mi. Mo padà sídìí àdúrà, ohùn mi tún ròkè sí i.

Kò pẹ́ ni fíríìjì gbọ̀n rìrì, fáànù pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè: "Wọ́n ti mú un dé!"

Halelúyà ni mo kọ́kọ́ ké. Ẹ gbọ́ o, mo ké halelúyà! Ẹ̀yìn náà ni mo rántí wáyà.

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Jésù, Jésù, mi ò rí àdúrà mìíràn gbà. Mo ń di ògiri mú títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹ̀rù sì ń bà mí láti ṣí i. Mo ṣí i. Àkàbà wà níbẹ̀, kò séèyàn lórí rẹ̀. Sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì wà nísàlẹ̀. Mo pè é, kò dáhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ya inú òdòdó tó wà lábẹ́ ògiri. Òkú ni mò ń wá, ẹ̀yin ará mi. Mo ti ń ro ohun tí màá wí fún ìyàwó rẹ̀. Mi ò bẹ̀rù báyìí rí láyé mi, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Bàbá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

"Mọ́mì, kí lẹ̀ ń wá?"

Òun ni! Ó ń bọ̀ láti iwájú ilé, láìwọ bàtà. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un pé mi ò pa suwíìṣì kankan, irọ́ ni mo pa.

Nígbà tó gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Alihamudulilai. Ìdí mítà ni mo lọ, Mọ́mì, mo lọ fa bírékà AC wálẹ̀ fúnra mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, orí àkàbà ni wọ́n kú sí. Oníbàárà ló ní òun ti pa iná. Látọjọ́ náà, ẹ má bínú, mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́."

Ó pààrọ̀ kápásítọ̀, yàrá Bàbá tutù, ọgbẹ́ wọn sì ń jinná. Ẹ bá wa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí AC ni mo ṣe jáde wá. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní Bíbélì nínú ìjọ yìí. Bí mo bá ti ní mo ti ṣe nǹkan, kò sẹ́ni tó máa ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní ọkùnrin yẹn ṣe bíi tiyín ni, opó ni ìyàwó rẹ̀ ì bá jẹ́ lónìí. Ẹ bá mi fògo fún Ọlọ́run. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Un, ẹ bá mi yọ̀, pé Lùkúmọ́nù kò gbà mí gbọ́.