Sípánà Tí Mo Nà sí Bàbá Tíṣà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná kí ẹ tó bú mi. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, mo máa ń gun alùpùpù mi láti Kábà lọ sí abúlé wa, màá di ọwọ́ bàbá arúgbó kan mú, màá mú un jáde síta, màá sì fi í jókòó sórí àga lábẹ́ igi máńgòrò. Yóò kí mi bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa pé, "Okun o, ọmọ mi," yóò sì bi mí bóyá mo ti jẹun. Bàbá yìí kò ríran mọ́. Èmi tó ń pè ní ọmọ gan-an ni mo gba ojú náà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò fi ọwọ́ kàn án o! Ẹnu mi ni mo fi ṣe é, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo èèyàn, ẹ̀rín ni mo sì ń rín nígbà tí mo ń ṣe é.

Mẹkáníìkì ni mí. Kàdúná ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó mọ bí a ṣe ń bi ọkọ̀ léèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ó kọ́ mi pé tí mo bá fi oríkèé ìka kan ara ọkọ̀, ibi tí irin wà yóò dún gooro, ibi tí wọ́n bá fi pọ́tì tó dà bí amọ̀ dí, tí wọ́n wá kun ọ̀dà lé lórí, yóò dún bọ̀ọ̀. Ó fún mi ní òòfà kékeré kan tí mo fi òwú so. Tí mo bá fà á gba ara ọkọ̀, á lẹ̀ mọ́ irin típẹ́típẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti dé orí pọ́tì, á jábọ́. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, mo kó irinṣẹ́ mi, mo padà wálé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Kábà. Ẹ ò rí ayé nígbà náà! Àwọn èèyàn wa ń kó dé láti Ìlọrin àti Kàdúná, ẹrù lórí ẹrù, àwọn ọ̀gá ìjọba ń wá yàrá kiri Lọ́kọ́ja, gbogbo wa sì rò pé ó ti bọ́ sí i fún wa. Kò pẹ́ tí orúkọ mi fi tàn. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, èmi ni yóò pè kí n wò ó. Ariwo ni mo sì máa ń fi wò ó! Àwọn èèyàn á pé jọ, màá máa ka àléébù ọkọ̀ jáde bí ẹni ń kéde ọjà. Tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá ń jiyàn, màá na sípánà sí i pé kó fi kan ẹnu, kó wá tún un sọ. Lọ́dọ̀ wa, ì báà jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà jẹ́ ará mọ́sálásí, kò sẹ́ni tó ń fi irin kan ẹnu kó tún purọ́. Àwọn mìíràn á yáa wa ọkọ̀ wọn lọ, àwa á sì máa rẹ́rìn-ín tẹ̀lé wọn.

Bàbá tí mo ń sọ, Bàbá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló kọ́ ìdajì abúlé wa níwèé, òun ló kọ́ èmi náà, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ bàbá mi tó ti di olóògbé sì ni. Ó ní ọkọ̀ kan tí kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa. Ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wọn fi ń sáré ìgbádùn, èèyàn méjì péré ló ń gbà. Àwọ̀ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, aṣọ tó ṣeé ká ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní sípókù bíi ti kẹ̀kẹ́, ó sì kúrú débi pé àwa ọmọdé sọ ọ́ ní Jókòó-Nílẹ̀. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń ṣe ọ̀nà ni Bàbá ti rà á nígbà tí òyìnbó náà ń lọ sílé lẹ́yìn òmìnira, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí ọkọ̀ náà wà, bó ṣe wà láyé àtijọ́. Abẹ́ àtíbàbà ló ń gbé e sí, ó ń da tapólì bò ó, gbogbo Sátidé ló sì ń tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó má baà kú. Ẹni tó bá yìn ín, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ọkọ̀ yìí kò forí sọ nǹkan kan rí."

Nígbà tó yá, ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ojú kan ní Kàdúná sọ pé iṣẹ́ abẹ lè gbà á là bí ó bá tètè wá, pé tó bá pẹ́, ó bọ́ nìyẹn. Kò sí ohun mìíràn tí Bàbá ní tó ṣeé tà ju Jókòó-Nílẹ̀ lọ. Ọlọ́run ṣe é, ọ̀gá ìjọba kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Lọ́kọ́ja gbọ́ nípa ọkọ̀ náà. Ìlú òyìnbó ló ti kàwé, irú ọkọ̀ yẹn ló sì ti wù ú láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tó rí i, ńṣe ló pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ó ní òun yóò rà á, kí wọ́n ṣáà wá ẹni tó mọṣẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni wọ́n pè. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ojú Bàbá. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí ọ̀gá yìí bá rí bí mo ṣe mọṣẹ́ tó, yóò kó àwọn ọkọ̀ ìjọba fún mi tún ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́.

A pé jọ lọ́sàn-án Sátidé kan. Ìyá mi náà wá, ó ń tiro bọ̀ pẹ̀lú abọ́ ẹ̀pà sísun tó fẹ́ fi ṣe àlejò. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń fi ẹsẹ̀ òsì tiro, ohun tí wọ́n sì sọ fún wa ni pé orí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn ló ti ṣubú lọ́jọ́ tó bí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu. Ẹ́ńjìnnì dún geere, kò rú èéfín, sípókù kò dín ọ̀kan, ìpẹtà ilẹ̀ ọkọ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀gá ń mi orí, Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ òsì, mo fi ìka kan ilẹ̀kùn, ó dún bọ̀ọ̀. Mo fa òòfà gbà á, ó jábọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dùbúlẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀, mo sì rí ojú ibi tí ṣáàsì, irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, ti kán rí tí wọ́n jó o pọ̀, ó nípọn tó àtàǹpàkò mi. Ṣé kí n rọra pe Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Rárá o! Mo fò jáde, mo gbọn eruku ẹ̀yìn mi, mo kígbe pé, "Ọkọ̀ yìí ti takìtì rí! Apá òsì ló fi balẹ̀. Ẹni tó jókòó síhìn-ín lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè ṣàì kán!" Àwọn èèyàn hó yèè. Mo gbọ́ tí abọ́ kan já lulẹ̀ lẹ́yìn mi, tí ẹ̀pà dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀gá náà kò tilẹ̀ bínú. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i dára, pé òun ṣáà fẹ́ mọ ìtàn ọkọ̀ náà kí òun tó gbé e lọ. Ó fi pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Bàbá, kí ló ṣe é?" Bàbá ní, "Ọkọ̀ yìí kò forí sọ nǹkan kan rí." Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó dà bíi pé ó pe iṣẹ́ mi níjà lójú ọ̀gá. Mo mú sípánà, mo nà án sí i. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi èyí kan ẹnu, kí ẹ wá tún un sọ." Èmi, ọmọ àná, mo na irin sí ẹni tó kọ́ mi ní A, B, D! Bàbá gba sípánà. Ó yíjú síbi tí ìyá mi dúró sí, bí ojú rẹ̀ ṣe ríran mọ. Ó gbé irin náà sókè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dá a padà sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní, "Gba sípánà rẹ, ọmọ mi." Ó sì wọlé lọ.

Ọ̀gá ní òun lè ra ọkọ̀ tó ti takìtì, ṣùgbọ́n òun kò lè bá ẹni tí kò lè búra dòwò pọ̀. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ, kò sì ya ṣọ́ọ̀bù mi rí títí di òní. Olùrà mìíràn kò wá. Àwọn tó máa ń pe Bàbá kó wá jẹ́rìí ààlà oko kò pè é mọ́. Kò jókòó síwájú mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ni ó ń jókòó sí. Àwọn ọmọdé sọ ọ́ ní Kò-Forí-Sọ, wọ́n á pè é, wọ́n á sá. Nígbà tí òjò ọdún yẹn fi máa dá, ojú méjèèjì ti pa dé. Ẹ sì gbọ́ ohun tí mo sọ nígbà tí mo gbọ́: mo ní irọ́ rẹ̀ ló kó bá a.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá mi ránṣẹ́ pè mí. Kò jẹ́ kí n jókòó. Ó ní, "Èmi ni mo jókòó sí apá òsì yẹn. Ìwọ ló wà nínú mi." Ó ní ọjọ́ méjì ni òun fi rọbí mi, ìyá bàbá mi sì takú pé ilé ni wọn yóò ti gbẹ̀bí, pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, bàbá mi kì í ṣe ọmọ òun mọ́. Nígbà tí ìyá àgbà lọ sóko, bàbá mi sáré pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì ni, bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé wọn. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, màlúù já lu títì, Bàbá Tíṣà yà fún wọn, ọkọ̀ sì takìtì sínú kòtò. Àwọn àgbẹ̀ abúlé mìíràn tí kò mọ̀ wọ́n ló gbé ọkọ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ ìyá mi, ọkọ̀ akóṣu ló gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì bí mi ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi kúnlẹ̀ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ìyá òun má gbọ́ láé, kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí òun fúnra òun yóò fi tú u sílẹ̀. Ó gbà. Kàdúná ni wọ́n ti lọ tún ọkọ̀ ṣe, kí ará ilé má baà mọ̀. Ìyá àgbà kú. Bàbá mi náà kú lójijì, kò rántí tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìyá mi sunkún, ó ní, "Èmi náà ṣèlérí. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò ó, ẹnu mi wúwo. Ta ni yóò tú wa sílẹ̀?"

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá, kò sì mọ̀ pé mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" Ẹkún mi ló fi dá mi mọ̀. Mo ní ìyá mi ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, pé màá pe gbogbo abúlé jọ, màá fi ẹnu ara mi tú u palẹ̀. Ó ní, "Èmi kò gbọ́ nǹkan kan o. Bàbá rẹ kò tíì tú mi sílẹ̀." Lẹ́yìn náà ó ní, "Jókòó-Nílẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń dún?" Mo ṣí tapólì, mo tan ẹ́ńjìnnì. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ wá abẹ́ ilẹ̀kùn òsì, ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́ sórí ojú ìjórin náà tààrà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó jó o mọṣẹ́. Mo dúró tì í ni. Mo ní kó jó o dáadáa, pé ọmọ yẹn lè fẹ́ gùn ún lọ́jọ́ kan."

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti ba ìlérí tó fi ojú rẹ̀ ṣọ́ jẹ́. Bí mo bá dákẹ́, wọn yóò sin ín bí òpùrọ́. Èmi ni àkọ́bí bàbá mi. Ṣé mo lè dúró nípò rẹ̀ kí n tú ọ̀rọ̀ tí ó so? Mo ti bi pásítọ̀ wa, ó ní kí n máa gbàdúrà. Àdúrà náà ni mo ń gbà láti ọjọ́ yìí. N kò na sípánà sí ẹnikẹ́ni mọ́, n kì í sì í ka àléébù ọkọ̀ síta lójú èrò mọ́. Ẹ bá mi dá a lóhùn kíákíá, nítorí Bàbá ti dàgbà gan-an. Lánàá òde yìí, bí mo ṣe ń mú un jáde, àwọn ọmọdé tún ń pè é láti ẹ̀yìn ọgbà, "Kò-Forí-Sọ! Kò-Forí-Sọ!" Ó sì dá wọn lóhùn pé, "Okun o, ẹ̀yin ọmọ mi."